Ẹ̀rọ Tí Bàbá Fi Etí Yàn

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Àbújá, bí ìlú náà ṣe dákẹ́ ló bà mí lẹ́rù. Èkó ni mo ti ń bọ̀, níbi tí ariwo kì í tán létí ẹni. Ní Garki, mo lè dúró sẹ́nu ọ̀nà mi lọ́sàn-án gangan kí n má rí ẹnì kan, àfi títì gbọọrọ, erùpẹ̀ pupa àti katakata kan tó ń họ ilẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Wọ́n ṣì ń kọ́ ìlú náà lọ́wọ́, wọ́n sì ti ní ká wá máa gbé inú rẹ̀. Àwa tí wọ́n kọ́kọ́ kó wá, ńṣe la dà bí àlejò tó dé kí onílé tó gbálẹ̀.

Iṣẹ́ táípù ni mò ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba. Nígbà tí wọ́n ń ṣètò àwọn tó máa kó lọ sí olú-ìlú tuntun, orúkọ mi wà nínú ìwé. Ọkọ mi kò bá mi wá. Ó ní òun kò lè ti ṣọ́ọ̀bù òun ní Èkó pa, ṣùgbọ́n òun yóò máa wá wò mí lóṣooṣù. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wá. Nígbà tó yá, lẹ́tà ló ń kọ. Nígbà tó tún pẹ́ sí i, n kò rí lẹ́tà mọ́. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Pálọ̀ kan àti yàrá méjì ni wọ́n fún mi, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lábẹ́ páànù gan-an. Lójú fèrèsé pálọ̀, àwọn tó kọ́ ilé náà ti fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀rọ amúlétutù, éè-síì tí gbogbo wa ń pè é, ṣùgbọ́n ẹni tó wà nípò tèmi kò sí lára àwọn tí wọ́n ń fún ní ẹ̀rọ náà. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni wọ́n fi dí àyè ọ̀hún. Ooru Àbújá kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ ooru Ìkìrun, ìlú wa. Ti Ìkìrun á mú èèyàn làágùn, atẹ́gùn á sì tún fẹ́ sí i. Ti Àbújá, ńṣe ló ń yan èèyàn bí ẹja.

Láti aago méje ààbọ̀ ni mo ti máa ń wà nídìí táípù. Ọ̀gá mi lè ní kí n tún odindi ojú ìwé kan tẹ̀ nítorí kọ́mà kan. Bí mo bá padà délé nírọ̀lẹ́, ẹ̀yìn á máa ro mí, ìka á máa ta mí, kò sì sí ẹni tí mo máa sọ ọ́ fún. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, àwa ọmọ ìlú wa máa ń ṣèpàdé nílé ẹnì kan ní Area 1. Àwa mẹ́jọ péré ni. Bí a bá ti jẹun tán, ọ̀rọ̀ ìgbà tí a máa padà sílé la máa ń sọ. Ẹnì kan ń kọ́lé sí Òṣogbo, ẹnì kan ń ka ọdún tó kù kó fẹ̀yìn tì. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ wa, kò sí ẹni tó ń sọ bí a ó ṣe máa gbé ibi tí a wà.

Láti pe ilé, ọ́fíìsì tẹlifóònù ni mo máa ń lọ láàárọ̀ Sátidé. Mo máa kọ nọ́ńbà sílẹ̀ fún akọ̀wé ibẹ̀, mo máa jókòó sórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú àwọn ẹlòmíì, a ó máa wo ara wa títí wọn yóò fi pe orúkọ ẹni. Ní Ìkìrun, ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta oògùn ni tẹlifóònù wà, Lásísì àbúrò mi á sì ti lọ jókòó dè mí níbẹ̀. Ohùn rẹ̀ máa ń dún bí ohùn ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga. Bí a bá fi máa kí ara wa tán, àkókò wa á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé.

Sátidé kan, kò kí mi pẹ́. Ó ní ojú Bàbá ti lọ pátápátá.

Káfíńtà ni bàbá wa. Kò sí àga ilé-ìwé tàbí ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí kan ládùúgbò wa tí ọwọ́ wọn kò kàn. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ojú ń dùn wọ́n, tí wọ́n sì ń sọ pé kò ṣe nǹkan kan. Ìyá wa ti kú, Lásísì ń wa ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, ìyàwó rẹ̀ ń tajà ní Òṣogbo. Lọ́sàn-án, Bàbá nìkan ló ń wà nílé. Lásísì ní lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ṣubú lu igi tí àwọn fúnra wọn là, iwájú orí wọn sì bẹ́. Mo ní kó mú wọn wá bá mi. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá máa sọ òótọ́, kì í ṣe àánú wọn nìkan ló ṣe mí. Èmi náà ń wá ẹni tí yóò máa mí nínú ilé náà pẹ̀lú mi.

Ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n dé. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, Bàbá ti fi ọwọ́ mọ gbogbo ilé mi. Wọ́n mọ iye ìṣísẹ̀ tó wà láti ìdí àga wọn dé balùwẹ̀. Wọ́n mọ ìró ẹsẹ̀ mi lórí àtẹ̀gùn yàtọ̀ sí ti gbogbo ará ilé. Kí n tó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn, wọ́n á ti ní, “Ìyá mi, káàbọ̀.” Bí wọ́n ṣe ń pè mí nìyẹn, nítorí pé kété lẹ́yìn tí ìyá wọn kú ni wọ́n bí mi. Bí ládàánì bá pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé, wọ́n á dìde ṣe àlùwàlá láìsí ẹni tó rán wọn létí. Hájíà Làámí, aládùúgbò mi, máa ń yà wá kí wọn lọ́sàn-án. Ará Bída ni, ṣùgbọ́n ó ti gbé Ìlọrin rí, ó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa. “Sànnu, Baba,” ni ó máa ń wí, Bàbá á sì dá a lóhùn pé, “Yauwa.” Gbogbo Hausa tí wọ́n gbọ́ nígbà náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọyẹ́ lọ, ooru dé. Nǹkan wẹ́wẹ́ sú bo ọrùn àti ẹ̀yìn Bàbá. Mo ra fáànù, ooru ni fáànù ń fẹ́ síni lára. Wọn kò jẹun mọ́, omi nìkan ni wọ́n ń fẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Hájíà Làámí wọlé, ó bá wọn nílẹ̀. Dókítà tó tọ́jú wọn ní ooru ló ti fa omi ara wọn gbẹ, àti pé bí ilé náà kò bá tutù, ẹ̀ẹ̀kejì lè ju apá lọ.

Mo lọ bá Tìámíyù. Ọmọ Ìwó ni, ó ń tún fíríìjì àti éè-síì ṣe nítòsí ọjà Garki, ọ̀wọ́n èèyàn sì ni. Ó yá mi ní ẹ̀rọ àtijọ́ kan tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó yọ pákó ojú fèrèsé, ó ki ẹ̀rọ bọ̀ ọ́. Ilé tutù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata ni nǹkan náà ń ké. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́, èmi tí mo ríran kì í gbọ́ bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ kẹta, mo ti ibi iṣẹ́ dé, Bàbá kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo kí wọn, wọn kò dáhùn. Mo sún mọ́ wọn, mo fi ọwọ́ kan èjìká wọn. Wọ́n ta gìrì, wọ́n ju ọ̀pá wọn sẹ́yìn, ó sì bà mí lọ́rùn ọwọ́. Nígbà tí wọ́n mọ̀ pé èmi ni, wọ́n fa ọwọ́ náà mọ́ra, wọ́n fi ìka wá ibi tó wú, wọ́n di í mú.

“Ìyá mi,” ni wọ́n wá sọ, “ojú lọ, mo gbà fún Ọlọ́run. Etí ni mo fi ń rí ẹ. Bí o bá máa gba ìyẹn náà lọ́wọ́ mi, dá mi padà sí Ìkìrun kí n lọ gbóná síbẹ̀.”

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pa ẹ̀rọ náà bí mo bá ti jáde, tí wọ́n á sì jókòó sínú ooru kí wọ́n lè máa gbọ́ ayé. Mo sọ fún Tìámíyù pé èyí tí kò pariwo ni mo fẹ́. Ó ní ó wà, ṣùgbọ́n tuntun rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kí n má wulẹ̀ bèèrè. Ó wá rántí pé àwọn òyìnbó kan tí iṣẹ́ wọn parí ní Life Camp ń palẹ̀ mọ́ láti padà sílùú wọn, wọ́n sì ń ta ẹrù wọn. Bàbá gbọ́ wa láti orí àga wọn. Wọ́n ní bó bá jẹ́ pé nítorí etí àwọn la ṣe fẹ́ rà á, ká mú etí náà dání lọ.

Ẹ̀rọ mẹ́ta ló wà lórí tábìlì nínú gàrééjì kan ní Life Camp. Tìámíyù tan wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá na ọwọ́, wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé èyí àkọ́kọ́, wọ́n tẹ orí sí i bí ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ fún ní bòńkẹ́lẹ́. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún èkejì, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀kẹta. Wọ́n padà sí èkejì. Àwọn òyìnbó náà dá iṣẹ́ wọn dúró, wọ́n ń wò wá.

“Bàbá, funfun tó wà ní ìparí yìí ló dára,” ni Tìámíyù sọ. “Ara rẹ̀ ṣì ń dán. Kò tíì pẹ́ rárá.”

“Èmi kò rí dídán rẹ̀,” ni Bàbá dáhùn. “Nǹkan kan ń kan nǹkan nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Lónìí ó kéré. Lọ́dún tó ń bọ̀, kò ní kéré mọ́. Èyí tí mo gbá mú yìí, mímí lásán ló ń mí.”

Mo wo èyí tí wọ́n gbá mú. Ó ti dípẹtà lójú, ọ̀kan lára bọ́tìnnì rẹ̀ sì ti bọ́. Tìámíyù yíjú sí mi, ó ní èmi ni kí n yàn. Mo mọ̀ pé òun ló mọ iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi bàbá mi ní ohun tí wọ́n rò lórí nǹkan kan, tó sì ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo ní ká gbé èyí tó dípẹtà.

Nígbà tí a délé, Tìámíyù yọ ti àtijọ́ kúrò, ó fi pákó àpótí ẹrù kan férémù fún èyí tí a rà, ó gbé e sójú fèrèsé, ó tan iná. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Gíláàsì ń mì, férémù ń lu ògiri, ariwo náà tún ju ti àkọ́kọ́ lọ. Tìámíyù kò sọ pé òun ti sọ tẹ́lẹ̀. Ó kàn kó irinṣẹ́ rẹ̀ láìwo ojú ẹnì kankan. Bàbá dúró láàárín pálọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Wọ́n ní, “Mo ti di ẹni tí kò mọ nǹkan kan mọ́. Ìyá mi, dá mi padà sílé.”

Lọ́tẹ̀ yìí, n kò bá wọn jà. Ó ti rẹ̀ mí. Ní Sátidé, mo pe Lásísì, a fi àdéhùn sí ìparí oṣù, pé yóò wá mú wọn. Nígbà tí mo ń bọ̀ láti ọ́fíìsì tẹlifóònù, mo ń bi ara mi léèrè ohun tí mo fẹ́ gan-an tí mo fi ní kí wọ́n wá. Bàbá arúgbó kò bá mi dé Àbújá láti wá rí ìlú. Ṣé èmi fúnra mi ń gbé ibẹ̀? Ọdún mẹ́ta, n kò gbin ewébẹ̀ kan, n kò kan ìṣó kan mọ́ ògiri. Àpótí tí mo gbé ti Èkó bọ̀ ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, aṣọ àtàtà mi ṣì wà nínú rẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kí ẹlòmíì fi ibi tí èmi fúnra mi kò gbà nílé ṣe ilé?

Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, Bàbá kì í pa ẹ̀rọ náà mọ́ bí mo bá jáde. Bí mo bá sì ti ibi iṣẹ́ dé, n kì í tètè wọlé. Mo máa ń jókòó sórí àtẹ̀gùn, bí ìdajì wákàtí, kí n tó lọ kojú ariwo àti ìdákẹ́jẹ́ Bàbá.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni mo dé orí àtẹ̀gùn, tí n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo rò pé iná ti lọ. Ẹ̀rù bà mí nítorí ooru, mo sì sáré gòkè. Kí n tó fa kọ́kọ́rọ́ yọ, mo gbọ́ ohùn Bàbá láti inú ilé pé, “Ìyá mi, káàbọ̀. Rọra ṣílẹ̀kùn, mo wà lórí àpótí.”

Òtútù ló kọ́kọ́ kàn mí lójú. Iná kò lọ. Bàbá dúró lórí àpótí ìjókòó lójú fèrèsé, Hájíà Làámí fi ọwọ́ méjèèjì di àpótí náà mú. Ègé pákó wà nílẹ̀, ọ̀bẹ ìdáná mi wà níbẹ̀, sílípáàsì tí mo ń wọ̀ nínú ilé sì wà níbẹ̀, wọ́n ti gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́. Ó ń mí, bí ọmọ tó sùn. Bí a ṣe dúró báyìí, ládàánì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun Aláásárì, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wọlé bá wa.

“Kai, Baba,” ni Hájíà Làámí sọ jẹ́ẹ́jẹ́.

Nígbà tí Bàbá kírun tán, wọ́n sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní kì í ṣe inú ẹ̀rọ ni ariwo náà ti ń wá, férémù ni. Igi náà tinrin, kò jókòó déédéé, irin sì ń lù ú. Bí àwọn bá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ igun rẹ̀ kan, ohùn náà á rọ̀. Ìyẹn ni wọ́n ṣe fi rọ́bà sílípáàsì ki gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n fi igi kéékèèké há a ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí wọ́n sì mú un dẹ̀ díẹ̀ síta kí omi rẹ̀ lè rí ọ̀nà lọ. Mo bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n mọ̀.

“Láti ọjọ́ kìíní,” ni wọ́n wí. “Mo pa á mọ́ra. Mo rò pé bí kò bá dára, wàá jẹ́ kí n máa lọ. Àfi bí Hájíà ṣe sọ fún mi lánàá pé o máa ń jókòó sórí àtẹ̀gùn kí o tó wọlé. N kò mọ̀. Ariwo náà kò jẹ́ kí n gbọ́ ẹ. Mò ń lọ, àmọ́ n kò lè fi ẹ́ sílẹ̀ sínú ilé tí o kò fẹ́ wọ̀.”

Mo gbá ègé pákó jọ, mo fi ẹsẹ̀ lásán lọ gbé oúnjẹ kaná.

Lọ́jọ́ kejì, Tìámíyù yà láti wá wo ẹ̀rọ náà. Ó dúró, ó tẹ́tí, ó bẹ̀ wò, ó fi ìka tọ́ igun férémù náà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá. Ó ní òun mọ inú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọ́ òun níṣẹ́ igi, àti pé ìdajì àwọn tó ń wá fẹjọ́ ariwo sun òun, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ férémù ni. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá òun dé ilé kan ní Area 1, níbi tí ìyá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kò ti rí oorun sùn.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní Sátidé, Tìámíyù á wá fi ọkọ̀ gbé wọn. Wọ́n á tẹ́ ọwọ́ lé ẹ̀rọ onílé, wọ́n á fetí sí i, wọ́n á sọ ibi tí igi náà ti ṣẹ̀, Tìámíyù á sì gé e bí wọ́n bá ṣe wí. Bí àbùkù náà bá jẹ́ ti inú ẹ̀rọ, wọ́n á ní, “Èyí jẹ́ tìẹ,” wọ́n á sì bọ́ sẹ́yìn. Wọ́n á délé pẹ̀lú eruku pákó lórí fìlà, wọ́n á máa ròyìn àwọn tí wọ́n bá pàdé. Ìyàwó ọlọ́pàá kan tó jẹ́ ọmọ Ìdomà. Ọkùnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń ta aṣọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bàbá mi tí kò ríran mọ èèyàn ní Garki ju èmi tí mo ti ń fi ojú wò ó fún ọdún mẹ́ta lọ. Tí mo bá ń lọ sí ọjà, àwọn tí n kò mọ̀ rí á kí mi pé, “Ẹ bá wa kí Bàbá.”

Ẹ̀rọ tiwa náà ń mí lọ. Iná ń lọ, iná ń bọ̀. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, Bàbá máa ń yọ àwọ̀n iwájú rẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́ nínú àwo, wọ́n á fi ìka wo eruku tó kù. Àárẹ̀ mi kò kúrò. Táípù ṣì wà níbẹ̀, ọ̀gá mi ṣì ń wá kọ́mà. Ṣùgbọ́n n kò jókòó sórí àtẹ̀gùn mọ́.

Àdéhùn ìparí oṣù ṣì wà nílẹ̀, Bàbá kò sì sọ nǹkan kan lórí rẹ̀. Mo ti fọ aṣọ wọn, mo ti kó o sínú báàgì. Mo ti pinnu pé n kò ní sunkún, n kò sì ní bẹ̀ wọ́n. Ní Sátidé tó kẹ́yìn, Bàbá ní àwọn fẹ́ bá mi lọ sí ọ́fíìsì tẹlifóònù. A jókòó sórí bẹ́ńṣì títí wọ́n fi pe orúkọ mi. Lásísì ní òun ti fi ọkọ̀ òun sípò, Ọjọ́bọ̀ ni òun máa gbéra. Bàbá na ọwọ́, mo gbé tẹlifóònù lé wọn lọ́wọ́, mo yíjú sí ògiri.

“Lásísì,” ni wọ́n wí, “má tíì wá. Ilé méjì ń retí mi ní Sátidé tó ń bọ̀, mo sì ti ṣèlérí.” Wọ́n gbọ́ èsì rẹ̀ díẹ̀. “Rárá. N kò lè fi Tìámíyù nìkan sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò tíì dá múṣé nídìí igi. Bí mo bá fẹ́ wálé, màá ránṣẹ́ sí ẹ.”

Wọ́n dá tẹlifóònù padà fún mi, wọ́n sì wá ọ̀nà wọn padà sórí bẹ́ńṣì, wọ́n ń kí ẹni tó jókòó níbẹ̀. Mo ń gbọ́ bí wáyà náà ṣe ń hó.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni Lásísì wá sọ, “kí lẹ ṣe fún Bàbá?”

Mo wo bàbá mi. Wọ́n ti ń bi ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ wọn léèrè irú ilé tó ń gbé.

“N kò ṣe nǹkan kan,” ni mo dáhùn. “Wọ́n ríṣẹ́ ni.”